Ẹ̀rọ Náà Bi Mí Pé Ṣé Ẹnì Kan Náà Ni

Ilé wa,
Ọ̀kà Àkókó.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ó yẹ kí orúkọ wà níwájú ibẹ̀ yẹn, mo mọ̀. Mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, mo tún pa á rẹ́, títí ìyá rẹ fi ní bí mo bá ń bá a lọ báyìí, ìwé á lu kí n tó kí ọmọ. Mo wá ní kò burú, ọmọ mi ni ọ́, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé oòrùn Àbújá kì í pa yín jù? Ọlọ́run tó mú ọ kọjá Lọ́kọ́ja láìfarapa ni yóò máa mú ọ jáde, tí yóò máa mú ọ wọlé. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ọ̀gá rẹ tó máa ń pariwo níbi iṣẹ́ yẹn, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ pariwo mọ́ ọ, ohùn á há a. Tí o bá ti ṣe Àmín, wá ibì kan jókòó sí, kí o fi fóònù sílẹ̀, kí o ka lẹ́tà mi délẹ̀. N ò pè ọ́ torí pé lọ́jọ́ tí o pè mí níjọ́sí, kí n tó sọ gbólóhùn kan o ti ń sunkún, kí o tó sunkún tán, owó orí fóònù ti tán. Pius tó ń wa mọ́tò Ìkàrẹ́ sí Àbújá ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Má jẹ́ kó lọ láìfún un lómi tútù, torí ó máa dé ilé ròyìn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti orúkọ rẹ. O ní àwọn ẹgbẹ́ àdúrà tí ò ń bá ṣe ní Àbújá sọ pé Ìyátúndé kì í ṣe orúkọ tí Kristẹni ń jẹ́, pé orúkọ òkú ni, òun ni kò jẹ́ kí ọ̀nà ọkọ là, pé kí o lọ búra ní kóòtù kí o sì gbé e sínú ìwé ìròyìn pé Naomi nìkan ni ò ń jẹ́ láti òní lọ. O ní o ò fẹ́ lọ láìgba àṣẹ lẹ́nu mi. O ṣeun tí o bèèrè, ilé lo ti kọ́ ìyẹn. Màá dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n n ò lè dá ọ lóhùn láìsọ ti kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́ sí mi, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wú.

Ká tó débẹ̀, ilé wà. Ìyá rẹ ń kí ọ gan-an ni. Orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, ó tún ti ń gun àpáta ẹ̀yìnkùlé lọ sá láfún, ewúrẹ́ Stephen àbúrò rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn lọ jẹ ẹ́, tí a bá sọ̀rọ̀, Stephen á ní ewúrẹ́ kì í mọ ẹni tó ni láfún. Iṣu ta lọ́dún yìí. Iná mọ̀nàmọ́ná ò ta o, a ti gbàgbé rẹ̀, sólà tí o rà fún wa la fi ń gbé ayé.

Kọ̀ǹpútà wá. O ní kí n máa kó fọ́tò wa sínú rẹ̀, àti orin, àti fídíò, kí n lè rí nǹkan fọwọ́ ṣe, kí n yé lọ máa bá àwọn ará àdúgbò jà lórí gọ́tà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i, ó kí mi káàbọ̀, mo sì dá a lóhùn. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí, mo ní ẹni tó bá kí ni là á kí. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe ní káńsù títí mo fi fẹ̀yìn tì, n ò lè wọlé onílé kí n máà yẹ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wò. Kí n tó fọwọ́ kan orin tàbí fọ́tò, ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí ni mo kọ́kọ́ wá. Garawa kékeré kan ló wà lójú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, mo bá fọ́tò ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ wa tí mo rò pé mo ti sọ nù, ó wà níbẹ̀ tónítóní, kò rùn, eṣinṣin kan ò bà lé e. Habeebat ní ohun tí a bá jù síbẹ̀ ṣì lè padà wálé. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, n ò rí irú garawa ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ọ̀kà, ǹ bá sì fún ẹni tó ni ín ní ìwé ìyìn tí mo bá mọ ilé rẹ̀.

Habeebat yìí ni ọmọ obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí géètì yunifásítì ní Àkùngbá. Ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ bá a. Ó ní sùúrù, mùsùlùmí gidi ni, tí mo bá bi í ní nǹkan, tí mo tún un bi, á kàn sọ pé Alhamdulillah, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fídíò ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ìkórè ọdún tó kọjá ni mo fi kọ́ ọ. Ibì kan wà tí a máa ń tẹ̀ tí gbogbo èèyàn á dúró gbagidi, ibi tí ẹsẹ̀ wọn bá wà náà ni yóò wà. Mo dá ìyá rẹ dúró níbi tó ti la ẹnu fún mọ́ínmọ́ín, mo lọ yẹ oko wò, nígbà tí mo dé, ẹnu ṣì là sílẹ̀, Stephen àti àwọn aládùúgbò sì ti wá wò ó. Ó bá mi jà bí ẹni pé èmi ni mo se mọ́ínmọ́ín náà. Láti ìgbà yẹn, n kì í pa kọ̀ǹpútà sí àárín ijó mọ́, mo máa ń jẹ́ kí gbogbo wọn jó tán kí wọ́n sì jókòó. Àgbàlagbà ló pọ̀ nínú wọn, ẹ jọ̀ọ́, ta nínú wọn ló lè fi ẹsẹ̀ kan dúró dìgbà tí màá tún un ṣí?

Lẹ́yìn ìyẹn ni Habeebat kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé fọ́tò. Ọ̀kan wà tí èmi àti ìyá rẹ yà, tí Stephen wá yọjú sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń jẹ àgbàdo. Mo gé Stephen kúrò. Ọjọ́ kejì la gbọ́ pé ibà dá Stephen dùbúlẹ̀. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni o. Mo rọra ṣí kọ̀ǹpútà, mo tẹ ibi tó máa ń dá nǹkan padà sí bó ṣe wà, Stephen sì jáde wá pẹ̀lú àgbàdo rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń bèèrè iyán. Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ tí òun gún un ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń wádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n n ò gé ẹbí mọ́, àjèjì ni mò ń gé.

Orin ló wá kàn. O rántí kásẹ́ẹ̀tì ìyá mi, Ìrètí, tó wà nínú àpótí mi. O ò bá a láyé, ó kú kí a tó bí ọ, ṣùgbọ́n wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tó ti ń dá orin tí ìjọ ń gbè é. Habeebat bá mi fà á kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà. Bí ohùn yẹn ṣe jáde, ara mi bù máṣọ. Ṣùgbọ́n kí ni kọ̀ǹpútà kọ sí ẹ̀gbẹ́ orin náà? Ó kọ ọ́ pé olórin tí a kò mọ̀. Háà! Ìyá mi! Ìrètí onírú tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní ọjà Ìkàrẹ́! Mo ní mi ò gbà, wọ́n á tún un kọ. Habeebat fi ibi tí n ó kọ ọ́ sí hàn mí, mo kọ ọ́ gbàgàdà: Ìrètí Fámúrewá, ọmọ Ọ̀kà, ìyá Zachariah. Àyè tán kí n tó dórí oríkì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Mo kó àwọn fọ́tò àtijọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Habeebat sì kó gbogbo wọn sínú kọ̀ǹpútà. Èyí tí ìyá mi yà ní Ìkàrẹ́ nígbà tó wà lọ́mọge wà níbẹ̀, tó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga, tí kò sì rẹ́rìn-ín. Àwọn tìrẹ náà wà níbẹ̀, láti ìgbà tí o ń rá títí dé ìgbà tí o di àgùnbánirọ̀. Kọ̀ǹpútà yìí máa ń kó ojú jọ. Á gé ojú èèyàn roboto, á ní ta nìyí, èmi á sì kọ orúkọ ẹni náà. Mo kọ Ìrètí ìyá mi, mo kọ Theresa ìyá rẹ, mo kọ Stephen, mo kọ gbogbo ìjọ. Ó tiẹ̀ gbé iṣu kan wá pé ta nìyí, mo ní iṣu ni, ó gbé òmíràn wá. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, torí ìbéèrè ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, kò sí ẹni tó bi mí padà rí.

Ó wá gbé ojú méjì jáde, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ni ìyá mi lọ́mọge. Ìkejì ni ìwọ nínú fìlà àgùnbánirọ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ṣé ẹnì kan náà ni, àbí ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí kò dá mi lójú, kí n mú ọ̀kan.

Ọmọ mi, mo dìde dúró. Mo ṣí fìlà. Mo pe ìyá rẹ, ó sáré wá pẹ̀lú omi lọ́wọ́, ó wò ó, ó ní Jésù! Mo pe Habeebat lórí fóònù pé ṣé òun ló sọ fún un. Ó búra pé òun ò mọ orúkọ tí à ń pè ọ́ nílé, ká má tí ì sọ pé òun á sọ ọ́ fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó, tí kò sí níbi ìkómọ rẹ, tí kò mọ Ọ̀kà yàtọ̀ sí Ìkàrẹ́, òun ló jókòó tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí. Mo sún mọ́ ọn. Mo wo imú, mo wo iwájú orí, mo wo ojú òsì tó kéré díẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Ìyá rẹ ní kí n yáa mú kò dá mi lójú. Mo ní ọmọ wo ni kò ní dá lójú nípa ìyá tó bí i? Mo tẹ ẹnì kan náà ni.

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, n ò ní parọ́. Mo to gbogbo fọ́tò náà pọ̀ di fídíò bí Habeebat ṣe kọ́ mi, mo fi orin ìyá mi sí i lábẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọge Ìkàrẹ́, ó ń yí, ó ń yí, ó parí sórí rẹ ní ọ́fíìsì rẹ, tí o jókòó sórí àga tó ń yí po. N ò mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá tẹ̀ ní Ọ̀kà máa dé Àbújá kí ọ̀kadà tó dé Àkùngbá. O ní orúkọ tí o fi ṣí kọ̀ǹpútà náà fún mi ló wà lórí fóònù tìrẹ, pé ibi tí o ti ń fi fọ́tò han àwọn ẹgbẹ́ àdúrà rẹ ló ti jáde, gbogbo ibi tí ojú rẹ wà, Ìrètí Fámúrewá, Ìrètí Fámúrewá, tí fídíò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Wọ́n kígbe, wọ́n dì ọ́ lórí mú, wọ́n ní ṣé o ò rí i, òkú ń lépa rẹ. O pè mí pẹ̀lú ẹkún pé mo ti bá ọ jẹ́, pé kí n yára lọ sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àti pé kóòtù tí o fẹ́ lọ lóṣù tó ń bọ̀, o ò dúró mọ́, bí o bá ti gbọ́ èsì mi báyìí lo ń lọ. Ó dùn mí. Má bínú, ọmọ mi. Òkú kan ò lépa rẹ, bàbá rẹ ló ń kọ́ kọ̀ǹpútà.

Jẹ́ kí n wá sọ bí orúkọ náà ṣe jẹ́. Nígbà tí ìyá mi kú, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ mọ́. Wọ́n gúnyán, mo ń wò ó. Wọ́n po ògì, mo gbé e sílẹ̀. Oyún rẹ wà nínú ìyá rẹ, òun tó yẹ kí wọ́n máa bẹ̀ ló ń bẹ̀ mí. Aṣọ ń bọ́ ní ìdí mi níbi iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe bí ọ, wọ́n gbé ọ lé mi lọ́wọ́, o la ojú kan, o wò mí láti òkè délẹ̀, o sì yán. Ebi pa mí. Níbẹ̀ náà ni, pẹ̀lú ìwọ lọ́wọ́, mo ní iyán dà? Gbogbo ilé bú sẹ́kún, wọ́n ní ìyá ti dé o, ó ti wá wo Zachariah. Bàbá Ìjọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìrìbọmi fún ọ, Naomi Ìyátúndé ló pè, ó ní Ọlọ́run tó gba ọ̀kan ló fún wa ní ọ̀kan. Kò sí ẹni tó lọ bi nǹkankan léèrè níbì kankan. N ò mọ bí òkú ṣe ń wá tàbí bí kì í ṣe í wá, kò sí nínú ohun tí wolé-wolé ń yẹ̀ wò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọjọ́ tí mo pe orúkọ yẹn ni mo padà jẹun. Tí ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ orúkọ, ẹ máa dórí Fámúrewá, Ifá ló wà níwájú ẹ̀ un, kí lẹ fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Ẹ máa fọ̀ ọ́ títí tí a ò fi ní í mọ ilé ara wa.

Síbẹ̀ ìyá rẹ ní ọmọ kì í ṣe ilẹ̀ tí à ń jà du. Ó ní tí aṣọ bá ń yún ọmọ lára, ẹ̀yin tí ẹ rà á kọ́ lẹ máa sọ pé ó bá a mu. Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Láàárọ̀ Sátidé, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo ṣe ohun tí o ní kí n ṣe, mo tẹ ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kò bá mi jiyàn. Ó kó ọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá mi, ó gbé ọ sí àyè tìrẹ, ìyá mi wá ku òun nìkan pẹ̀lú ìwọ̀nba fọ́tò dúdú àti funfun tó ní. Mo fẹ́ pa á dé, ó tún bi mí. Ó mú èyí tí ìyá mi la ẹnu tó ń kọrin, ó fi ti èyí tí ìwọ àti Stephen ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Mo ní ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ó ní kò burú. Ó tún gbé òmíràn dé, ó ní ìyẹn náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni àkùkọ Stephen ti kọ lẹ́yìn ilé. Mo gbé ọwọ́ kúrò kíá. Ìwọ tí ò ń lọ ẹgbẹ́ àdúrà, o mọ ẹni tí àkùkọ kọ fún. Mo bọ́ síta, mo lọ jókòó sórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún ìyá rẹ, mo sunkún bí ọmọdé.

Nítorí náà, èsì mi nìyí. Mo fún ọ láṣẹ. Lọ sí kóòtù, gbé e sínú ìwé ìròyìn, n ò ní ṣẹ́ ọ, n ò ní bínú sí ọ, ẹnikẹ́ni tó bá sì fi ọ́ ṣẹ̀sín ní Ọ̀kà, màá lọ yẹ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó kù yẹn, apá mi ò ká a. Mo ti fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà lórí tábìlì. Wálé kí o fọwọ́ ara rẹ tẹ èyí tí o bá fẹ́ kí o tó lọ búra. Èyí tí o bá tẹ̀, màá fara mọ́ ọn.

Tí o bá ń bọ̀, bá mi wá nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́, dátà ti tán, bátìrì sólà náà ti ń ṣàìsàn, mo sì fẹ́ ra máìkì kékeré kan, torí Habeebat ní èèyàn lè kọrin tirẹ̀ sórí orin tó ti wà nílẹ̀, mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè gbe orin ìyá mi. Ìyá rẹ ní kí n má gbàgbé owó òróró ìwọ́ra orúnkún òun. Tí kò bá sí, ìwọ ṣáà wá.

Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ọ. Ọkọ tó mọ iyì èèyàn á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè Ọ̀kà wá bá mi. O ò ní sọnù ní ìlú onílùú, ilé ò ní ṣàjèjì sí ọ, ọwọ́ rẹ á máa dé ẹnu. Àmín. Mo ti fi orúkọ kejì yẹn kọ́ ẹnu mi. Mo pè é nínú pálọ̀ lánàá, Naomi, ìyá rẹ wẹ̀yìn wò bóyá àlejò wọlé. Mo tún pè é nígbà tí mo ń gbá ìta, Naomi. Kò le lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo pè é tán, mo dúró, kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Wálé, Naomi, kí n pè é lójú rẹ, kí o jẹ́ mi. Tí mo bá ti gbọ́ tí o dáhùn, tí mo rí i pé ìwọ náà ni, ó tán nínú mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zachariah Fámúrewá.